Ọjọ́ tí Mo Gbé Tẹlifíṣọ̀n Gun Orí Ẹ̀gẹ́

Ọjọ́ kan wà tí kò ní parẹ́ lọ́kàn mi, kódà bí mo bá darúgbó tí mo gbàgbé orúkọ ara mi. Tíṣà ni mí ní Ayétòrò nígbà náà, mo sì ń fẹ́ Fúnmi sọ́nà. Ìjoun ni ìyá rẹ̀ ń gbé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àgbà, Ṣadé, sì wà nílé ọkọ ní Kétu, lódì kejì bodè.

Ṣadé àti àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ ń yan gàrí níbẹ̀. Gàrí náà lórúkọ débi pé àwọn oníṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ìlú wọn wá ya fídíò wọn nídìí agbada. Ló bá pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù pé wọ́n máa fi àwọn hàn lọ́sàn-án Sátidé, nínú ètò àwọn àgbẹ̀. Orúnkún Màmá kò jẹ́ kó lè rìnrìn àjò mọ́, ó sì ti pẹ́ tó ti fojú kan ọmọ rẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ tó wà ní pálọ̀ wọn máa ń gbé ti ọ̀hún dáadáa tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n látìgbà tí àwọn yẹn ti yí sí dìjítà, ìgbéjáde ìgbàlódé tí irú ẹ̀rọ àtijọ́ bẹ́ẹ̀ kì í gbé, funfun wẹ́wẹ́ bí ìrẹsì nìkan ló ń fi hàn.

Mo ní, “Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀. Inú àpò ṣòkòtò mi ni màá gbé tẹlifíṣọ̀n wá.”

Màmá wo ṣòkòtò mi, ó ní, “Ó dáa.”

Òótọ́ ni mo sọ ṣá o. Túnà ni wọ́n ń pè é, kò sì ju àtàǹpàkò lọ. Èèyàn á kì í bọ ihò ara kọ̀ǹpútà, á so áńtẹ́nà kékeré kan mọ́ ọn, kọ̀ǹpútà á sì di tẹlifíṣọ̀n. Ìdí áńtẹ́nà náà jẹ́ òòfà tó máa ń lẹ̀ mọ́ irin, wáyà rẹ̀ kò sì gùn. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dán an wò, mo yọ ọ́, mo yí i síwá sẹ́yìn bí ẹni ń wá ẹnu ọ̀nà tí àwọn èèyàn gbà wọ inú rẹ̀. Títí di òní, ẹ̀rọ náà ṣì ń yà mí lẹ́nu.

Nígbà tí mo dé Ìjoun ní Sátidé, Màmá ti wé gèlè. Fúnmi ní láti òwúrọ̀ ló ti wé e. Mo ki túnà bọ kọ̀ǹpútà, mo ní kó wá ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n. Ó wá, ó wá, ó ní òun ò rí nǹkan kan. Mo gbé e lọ sẹ́bàá fèrèsé. Níbẹ̀, ohùn ọkùnrin kan jáde, ó ń sọ Faransé wàràwàrà, ṣùgbọ́n ojú kọ̀ǹpútà ṣókùnkùn.

Màmá tẹ́tí díẹ̀. “Tíṣà,” ó ní, “rédíò lo gbé wá.”

A gbé e jáde sí àgbàlá. Àwòrán dé lóòótọ́, àmọ́ oòrùn kò jẹ́ ká rí i. Màmá tẹjú mọ́ ọn. “Ojú màmá àgbà yìí jọ ojú tí mo mọ̀, gèlè rẹ̀ sì dára. Ta ni?”

Fúnmi ní, “Màmá, ẹ̀yin ni.”

Ló bá lọ mú bùláńkẹ́ẹ̀tì wá, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì ki orí bọ abẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú kọ̀ǹpútà. Àwòrán náà mọ́ gaara bí omi àmù. A ń rí ewé ọsàn lọ́kọ̀ọ̀kan lórí igi, ní ìlú ẹlòmíràn. Òógùn ń ro sí mi lójú, ṣùgbọ́n inú mi ń dùn. Aládùúgbò kan ń kọjá lọ, ó rí ìdí mẹ́ta níta, ó rò pé ooru àgbo ibà là ń gbà.

“Ẹ pẹ̀lẹ́ o,” ó ní, “ara á yá.”

“Àmín,” ni Màmá dáhùn láti inú lọ́hùn-ún. “Ṣadé là ń dúró dè.”

Kò pẹ́ tí àwòrán bẹ̀rẹ̀ sí í gé wẹ́wẹ́ bí ilá. Mo lẹ áńtẹ́nà mọ́ ìkòkò irin, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ kẹ̀kẹ́, kò gbà. Ibi tó gbà ni orí pikọ́ọ̀pù Ràfíù, aládùúgbò wọn, tó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, tó kún fún ẹ̀gẹ́ dé òkè. Bí òòfà ṣe lẹ̀ mọ́ òrùlé ọkọ̀, àwòrán padà. Màmá wọlé síwájú ọkọ̀, a gbé kọ̀ǹpútà lé e lẹ́sẹ̀. Ètò àgbẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nígbà tí Ràfíù jáde sí wa, ó mú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́.

“Ẹ má bínú, Màmá,” ó ní, “àwọn tó ń lọ ẹ̀gẹ́ ń retí mi. Mo gbọ́dọ̀ máa lọ.”

“Máa lọ,” ni Màmá wí. “Mi ò dá ọ dúró.” Kò sì sọ̀ kalẹ̀.

Bí mo ṣe bá ara mi lórí òkìtì ẹ̀gẹ́ nìyẹn. Mo dojú bolẹ̀ nínú ẹ̀wù funfun tí mo wọ̀ wá kí àna, mo fi ọwọ́ méjèèjì di áńtẹ́nà mú kó má baà já bọ́. Fúnmi jókòó ti Màmá níwájú. Gbogbo kòtò ọ̀nà yẹn ló kí mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìhà. Mo ń gbọ́ ohùn Màmá láti fèrèsé: “Ó ti fọ́. Ó ti padà. Ó tún ti fọ́. Tíṣà, ṣe bí o ṣe ṣe lẹ́ẹ̀kan.”

Mi ò mọ bí mo ṣe ṣe lẹ́ẹ̀kan.

Lórí òkè kan, àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù dá wa dúró. Bóyá èmi nìkan ló tíì dúpẹ́ rí nítorí pé kọ́sítọ́ọ̀mù dá òun dúró, torí bí ọkọ̀ ṣe dúró, mo gbọ́ tí Màmá ní, “Ó ti mọ́ wàyí.” Ọ̀gá wọn kan sún mọ́ wa. Ó gbọ́ Faransé nínú ọkọ̀, ó gbójú sókè, ó rí mi.

“Kí lò ń fi ìyẹn ṣe?”

“Tẹlifíṣọ̀n ni, sà.”

“Mi ò rí tẹlifíṣọ̀n kankan.”

“Èmi náà ò rí i, sà.”

Ó fẹ́ ní kí n sọ̀ kalẹ̀ ni Màmá bá pè é. “Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀. Ọmọ mi ló ń bọ̀ yẹn.”

Ọ̀gá náà ki orí bọ fèrèsé. Nígbà tó yọ ọ́ jáde, ó kọjú sí mi. “Má mira,” ó ní, ó sì ki orí bọ ibẹ̀ padà.

Mo wá gbọ́ ohùn Ṣadé, ó ń ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń yan gàrí. Màmá kò pariwo. Ó kàn ń bá a sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni pé ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: “O ti rù. Rárá, o ò rù. Ṣadé, iná yẹn pọ̀ jù.” Àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù yòókù ti rọ̀gbà yí fèrèsé ká. Mo gbé orí sókè díẹ̀ kí èmi náà lè yọjú, àwòrán fọ́, gbogbo wọn sì pè mí ní “Tíṣà!” lẹ́ẹ̀kan náà, títí kan àwọn tí n kò mọ̀ rí. Mo dojú bolẹ̀ padà.

Nígbà tí ètò náà parí, ọ̀gá kí Màmá kú oríire ọmọ, ó ní ká máa lọ. Mo fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ kí n lọ gba kọ̀ǹpútà, àṣé ẹsẹ̀ mi méjèèjì ti kú tipiri. Ni mo bá ṣubú gbalaja sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú fèrèsé Màmá. Ó rò pé mo dọ̀bálẹ̀ ni.

Ó wò mí títí, omi ṣì wà lójú rẹ̀. “Dìde,” ó ní. “Mo ti gbọ́. Ẹni tó lè gun orí ẹ̀gẹ́ nítorí ọmọ mi àgbà, mi ò ní fi ọmọ mi kékeré dù ú.”

Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ẹni tó bá ṣèlérí fún ìyá ọlọ́mọ, kó múra sílẹ̀ láti jẹ́ òpó tí ìlérí náà máa dúró lé. Títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, n kò tíì rí ètò náà. Fúnmi, ìyàwó mi, ló máa ń ròyìn rẹ̀ fún mi bí ìgbà tí èmi ò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Màá kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín ara mi tẹ́rùn, kí n tó tún bi í pé, “Báwo tiẹ̀ ni gàrí yẹn ṣe rí gan-an?”