Báskúlà Mi àti Kìlò Mẹ́fà Ìyá Dáre

Ọjọ́ Àìkú kan wà tí kò ní tán lọ́kàn mi láéláé, kódà bí mo bá darúgbó débi tí mo gbàgbé orúkọ ara mi. Kì í ṣe pé ó wù mí láti máa rántí rẹ̀ o. Àwọn àgbẹ̀ ìlú Aládé ni ò jẹ́ kí n gbàgbé. Bí mo bá ti gbé àpò kòkó kan lé òṣùwọ̀n báyìí, ẹnì kan á wúkọ́, ẹnì kejì á ní, "Ìyàwó ńkọ́ o?" Gbogbo wọn á sì bú sẹ́rìn-ín.

Kòkó ni mo ń rà. Ilé mi wà ní Odode ní Ìdànrè, nítòsí Aládé, yàrá iwájú ni mo fi ṣe ṣọ́ọ̀bù, ibẹ̀ sì ni báskúlà mi wà, òṣùwọ̀n onírin ńlá tí à ń gbé àpò kòkó lé. Nígbà tí mo ra báskúlà yìí, mo so irin pẹlẹbẹ kan mọ́ ọn lábẹ́, níbi tí ojú àgbẹ̀ ò lè dé. Iṣẹ́ irin náà ni láti rọra bu kìlò mẹ́fà kúrò nínú àpò kọ̀ọ̀kan. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Ṣé ẹ̀yin ò ní ẹ̀ṣẹ̀ tiyín ni? Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ jiyàn, mo máa ń búra pé òṣùwọ̀n mi tọ́. Mo búra ní ṣọ́ọ̀bù, mo búra ní Aládé, mo tiẹ̀ búra nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa pẹ̀lú sùtánà funfun lọ́rùn. Irọ́ téèyàn bá ń pa lójoojúmọ́, bó pẹ́ bó yá, òun fúnra rẹ̀ ni yóò gbà á gbọ́ jù. Kó tó di ọdún kẹta, mo ti gbàgbé pé irin kankan wà lábẹ́ ohunkóhun.

Ọdún kọkànlá la wà tí àìsàn fi dá Ìyá Dáre, ìyàwó mi, dúbúlẹ̀. Ọkàn rẹ̀ ni. Dókítà ní kò lágbára mọ́ láti máa ti ẹ̀jẹ̀ kiri bó ṣe yẹ, omi wá ń dúró sí i lára. Ẹsẹ̀ á wú, ikùn á wú, mímí á di iṣẹ́ ńlá. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún la lò ní ọsibítù kan ní Àkúrẹ́. Nígbà tó yá, ó ń bẹ dókítà pé kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n jẹ́ kóun lọ fojú kan ilé òun, bó jẹ́ ọjọ́ mélòó kan péré. Dókítà gbà lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, ó ní ká padà lọ́jọ́ Ajé.

Nọ́ọ̀sì kan tó lè jẹ́ ọmọ mi ló ka òfin sí mi létí. Omi, ife mẹ́rin péré lóòjọ́. Iyọ̀, rárá. Kí n sì máa wọ̀n ọ́n láràárọ̀ kó tó fẹnu kan nǹkan.

"Dádì, kìlò méjìdínláàádọ́rin ni wọ́n lónìí. Tó bá fi kìlò méjì péré lé, omi ló ń padà yẹn o. Ẹ má dúró de Mọ́ńdè, ẹ máa gbé wọn bọ̀. Ṣé òṣùwọ̀n wà nílé, àbí kẹ́ ẹ ra kékeré kan níbí?"

Ẹ̀rín pa mí. "Ọmọ mi, èmi? Òṣùwọ̀n ni mo fi ń jẹun!"

Òótọ́ pọ́ńbélé tí mo sọ lọ́dún yẹn, bóyá ìyẹn nìkan ni.

Láàárọ̀ Sátidé, mo gbá ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, mo nu báskúlà, mo mú ìyàwó mi gun orí rẹ̀. Mo ní kó má dì mí lọ́wọ́ mú kí ìwọ̀n má bàa parọ́. Ẹ gbọ́ ẹni tó ń sọ pé kí ìwọ̀n má parọ́! Mo ka ohun tó wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Méjìlélọ́gọ́ta. Kìlò mẹ́fà ti lọ láàárín ọjọ́ kan! Àwọn dókítà lo ọ̀sẹ̀ márùn-ún, wọn ò rí irú rẹ̀ ṣe. Èmi, ẹ̀kan ṣoṣo ni mo gbé e sùn nílé. Mo ti ń rò ó pé bí a bá padà, n óò fara balẹ̀ gba dókítà yẹn nímọ̀ràn díẹ̀.

"Bàbá Dáre, ṣé ó dá yín lójú?" ni Ìyá Dáre wí. "Ara mi ò fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀ o."

"Ṣé ìwọ lo mọ̀ ọ́n ju òṣùwọ̀n lọ ni?"

Lọ́sàn-án, Ìyá Ìjọ wa àti àwọn obìnrin méjì wá kí i. Kí wọ́n tó jókòó tán, mo ti dìde jẹ́rìí. Mo ní kìlò mẹ́fà. Wọ́n ké halelúyà títí táwọn aládùúgbò fi yọjú. Ìyá Ìjọ gbé iyán àti ọbẹ̀ ẹ̀gúsí wá, ẹja gbígbẹ kún inú rẹ̀, iyọ̀ sì jókòó síbẹ̀ dáadáa. Mo rántí òfin nọ́ọ̀sì. Ṣùgbọ́n oníṣòwò ni mí. Ẹni tó ti jèrè kìlò mẹ́fà, ṣé kò lè ná díẹ̀ nínú rẹ̀ ni? Ìyá Dáre ní òun ò fẹ́, ojú rẹ̀ sì ń wo abọ́. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ló ti ń jẹ oúnjẹ tí kò dùn lẹ́nu. Ọwọ́ ara mi ni mo fi bu ọbẹ̀ fún un. Nígbà tí òùngbẹ dé, ọwọ́ ara mi náà ni mo fi ń bu omi tútù. Nígbà tó fi di ìrọ̀lẹ́, mi ò ka ife mọ́.

Ilẹ̀ ọjọ́ Àìkú mọ́. Òtútù àfẹ̀mọ́júmọ́ mú, Ìyá Dáre wọ súwẹ́tà, ó ró ìró méjì, ó gun báskúlà. Mẹ́rìnlélọ́gọ́ta. Kìlò méjì ti wọlé! Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí mo kọ́ gbà mí sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Bí a bá wọn kòkó, ṣebí a máa ń yọ ti àpò kúrò? Ìyàwó mi sì wọ súwẹ́tà. Mo yọ kìlò méjì fún aṣọ, ó padà di méjìlélọ́gọ́ta. Bẹ́ẹ̀ ni o. Mo yọ àpò lára ìyàwó tí mo gbé níyàwó nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Mo wọ sùtánà mi, mo ń kọrin.

Ibi tí mo ti ń wá Bíbélì ni Bàbá Akínlàlú ti dé láti Aládé pẹ̀lú odidi ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀. Bàbá yìí ni àgbẹ̀ àkọ́kọ́ tó ta kòkó fún mi. Ó wọ yàrá lọ kí aláìsàn, kò pẹ́ tí mo gbọ́ ohùn rẹ̀.

"Ọmọ mi, wá wo ìyàwó rẹ."

Ìyá Dáre jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, kò ṣe nǹkan kan, àmọ́ ó ń mí bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gun gbogbo àtẹ̀gùn Òkè Ìdànrè. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ò wọ sálúbàtà mọ́. Mo fi ìka tẹ ojúgun rẹ̀, ojú ibẹ̀ jìn, kò sì padà.

"Kò lè jẹ́ omi," ni mo wí. "Báskúlà ní kò lé rárá."

Ó gbójú sókè wò mí. Èémí rẹ̀ ò tó o fún ọ̀rọ̀ púpọ̀. "Báskúlà wo? Bàbá Dáre... sìmẹ́ǹtì."

Àpò sìmẹ́ǹtì kan tó kù nígbà tí a tún ògiri ṣe wà lẹ́yìnkùlé, a ò tíì tú u. Gbogbo ayé ló mọ̀ pé àádọ́ta kìlò ni. Mo gbé e mọ́ra pẹ̀lú sùtánà funfun, mo gbé e lé báskúlà, Bàbá Akínlàlú sì dúró tì mí.

Mẹ́rìnlélógójì.

Èmi àti bàbá jọ wo ojú ìwọ̀n náà. Ètè bàbá ń mì díẹ̀díẹ̀, mo sì mọ̀ pé ọdún mọ́kànlá ló ń kà. Ṣùgbọ́n, kí n sọ òótọ́, kì í ṣe òun ni ẹ̀rù rẹ̀ bà mí. Mo ti rántí irin pẹlẹbẹ. Kò sí kìlò kankan tó lọ lọ́jọ́ Sátidé. Omi ti ń padà sára ìyàwó mi láti àná, èmi ni mo sì ń bù ú fún un. Mo wólẹ̀ sórí eékún. Bóyá Ọlọ́run ni mò ń bẹ̀ o, bóyá bàbá ni, mi ò mọ̀.

"Dìde," ni bàbá wí. "Ìyẹn ò sá lọ. Gbé obìnrin yìí ná."

Mo wa ọkọ̀ lọ sí Àkúrẹ́ bí mi ò ṣe wa ọkọ̀ rí. Bàbá Akínlàlú jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú Ìyá Dáre, nítorí kò lè dùbúlẹ̀ kó mí. Àyà rẹ̀ ló fi gbé ẹ̀yìn ìyàwó mi ró láti Odode dé ẹnu ọ̀nà ọsibítù. Ẹni tí mo rẹ́ jẹ lọ́dún mọ́kànlá. Mo ń wò wọ́n nínú dígí ọkọ̀, omijé ò jẹ́ kí n ríran dáadáa.

Nọ́ọ̀sì wọ̀n ọ́n. "Àádọ́rin ó lé díẹ̀! Dádì, ẹ ò wọ̀n wọ́n ni? Kí ni òṣùwọ̀n yín sọ?"

Mo wo sùtánà mi tí eruku sìmẹ́ǹtì ti sọ di eérú. Bàbá Akínlàlú ló dá a lóhùn.

"Tiẹ̀ kì í sọ̀rọ̀, ọmọ mi. Jíjẹ ló máa ń jẹ."

Wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ tó ń lé omi. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, èémí rẹ̀ ti ń rọlẹ̀. Mo dì í lọ́wọ́ mú, mo jẹ́wọ́ irin, mo jẹ́wọ́ súwẹ́tà pẹ̀lú.

"Ọdún mọ́kànlá lẹ fi ń rẹ́ àwọn àgbẹ̀ jẹ," ló wí. "Ó wá kan èmi náà. Ẹ yọ àpò lára mi!" Ẹ̀rín bá bẹ̀rẹ̀ sí í pa á, débi tí nọ́ọ̀sì fi sáré wá kìlọ̀ fún un.

Níwájú àwọn àgbẹ̀ Aládé ni mo ti tú irin yẹn. Bí a ṣe ń parí ọ̀rọ̀ kìlò mẹ́fà-mẹ́fà ìgbà náà, ìyẹn wà láàárín èmi àti wọn. Òfin wọn ni pé sìmẹ́ǹtì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gun báskúlà láràárọ̀. Àpò náà ti gan, ó ti di òkúta, ó sì tún wúlò ju èmi lọ. Ohun tí mo kọ́ kò pọ̀: ẹni tó bá tẹ òṣùwọ̀n nítorí ará ìta, kó má gbàgbé pé ará ilé rẹ̀ lè gùn ún lọ́jọ́ kan.

Ìyá Dáre ti padà sílé báyìí. Sìmẹ́ǹtì á kọ́kọ́ gùn ún, òun á tẹ̀ lé e, kòkó ló ń kẹ́yìn. Láàárọ̀ yìí, òtútù mú, ó wọ súwẹ́tà rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo wo ojú ìwọ̀n, mo sì la ẹnu.

"Bàbá Dáre," ló wí, "ẹ kà á bó ṣe wà."

Mo kà á bó ṣe wà. Mo rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ẹni tí wọ́n ti mú.