Ọgbà Tí Mo Fi Kẹ́ẹ̀gì Epo Ṣe

Mo lè gbàgbé ibi tí mo fi kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù mi sí, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí àna mi ti Padova kọ́kọ́ wá sílé wa ní Torino, ní Ítálì níbí, ọjọ́ yẹn ò ní kúrò lọ́kàn mi láé. Ká tiẹ̀ sọ òótọ́, wọn ò tíì di àna mi nígbà náà. Wọ́n fẹ́ wá fojú ara wọn wò bóyá a tó ẹni tí àwọn lè bá ṣe àna ni.

Bùsọ́lá ọmọ mi ló lọ kàwé ní Padova. Ìwé ni mo ní kó lọ kà, ọkọ ló kà dé. Tóbi lorúkọ ọmọkùnrin náà, ọmọ tó ní ìtìjú lójú ni, mi ò rí nǹkan kan sọ sí i. Ìyá rẹ̀, Àlàájà, ni mo ń bẹ̀rù. Àlàájà ní ọgbà lẹ́yìn ilé wọn, wọn kì í sì í sọ̀rọ̀ lórí fóònù kí wọ́n má mẹ́nu ba òdòdó. Lọ́jọ́ kan wọ́n bi mí pé, "Ìyá Bùsọ́lá, ṣé ẹ ní ibi tí èèyàn lè jókòó gba atẹ́gùn níbi tẹ́ ẹ wà yẹn?"

Ẹnu mi yìí, tó ti ta iṣu tó ń hù fún oníbàárà bí ẹni ta wúrà, òun ló dáhùn kí n tó rí i mú. "Àlàájà, tiwa kì í ṣe balcone lásán o, ọgbà ni. Bí ẹ bá jókòó níbẹ̀, ẹ ò ní fẹ́ dìde mọ́."

Wọ́n ní ó dáa, àwọn á wá wò ó lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé èyí tó ń bọ̀. Bùsọ́lá tó ń gbọ́ wa la ojú sílẹ̀. "Mamma, ma quale giardino?" Mo ní kó gbẹ́nu dákẹ́, ọgbà tó ń bi mí léèrè ń bọ̀ lọ́nà.

Kẹ́ ẹ lè mọ irú balcone, pèpéle kékeré tó yọ síta lẹ́nu ilẹ̀kùn òkè, tí mò ń sọ: àjà kẹta la wà ní àdúgbò San Salvario. Ó gbà mí, ó gba ìgbálẹ̀, ṣùgbọ́n bí mo bá mí kanlẹ̀, ọ̀kan nínú wa gbọ́dọ̀ wọlé. Ìsàlẹ̀ wa gan-an ni Signora kan ti ń sá aṣọ ibùsùn rẹ̀, funfun báláú, bíi pé áńgẹ́lì ló ń sùn lórí wọn.

Mo kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ olódòdó lọ́jà. Iye tó pè é, mo bi í bóyá wọ́n ń sè é jẹ ni. Ó ní rárá. Mo ní ẹ kú ọjà o. Èmi tí mò ń fi ẹnu dídùn tajà fún gbogbo ayé, kí ẹnì kan wá fi ewéko rẹ́ mi jẹ? Mo padà sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù mi, níbi tí kẹ́ẹ̀gì epo pupa tó ti ṣófo kún sí. Mo gé wọn lórí, mo lu ihò sí ìdí wọn kí omi lè máa jò, mo bu yẹ̀pẹ̀ sí wọn, mo so wọ́n mọ́ irin balcone lọ́wọ́ ìta. Ẹ̀wà olóyin ni mo gbìn sínú wọn. Ẹ̀wà kì í jáfara. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, ó ti yọrí, ó tutù yọ̀yọ̀. Omi tí mo fi ń rẹ pánla, mi ò dà á nù mọ́, òun ni mo fi ń bomi rin wọ́n, kí ilẹ̀ náà lè jẹun yó. Mo ṣa pákó tí àwọn ọlọ́jà fi ń to ẹrù, mo kàn án ní àga, mo fi ọ̀dà aláwọ̀ ewé tó kù nígbà tí a kun ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù kùn ún lálẹ́ Sátidé. Mo dúró, mo wò ó, mo yin ara mi.

Epo ṣì kù lára kẹ́ẹ̀gì wọ̀nyẹn. Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n òtútù ò tíì lọ, epo náà ti dì bí àbẹ́là, mo sì ní ohun tó bá ti dì ò lè rìn lọ síbì kankan. Èmi tí mo ti ń ta epo kí Bùsọ́lá tó hu eyín o, èmi ni mo gbàgbé ohun tí oòrùn máa ń ṣe fún epo.

Lọ́jọ́ Àìkú náà, oòrùn tó ti fi wá sílẹ̀ látìgbà òtútù bá rántí ilé wa. Àlàájà dé pẹ̀lú Tóbi, léèsì aláwọ̀ wàrà ló wà lọ́rùn wọn. Lẹ́yìn tí a kíra wa tán, mo mú wọn lọ sí ọgbà mi. Wọ́n wò ó lọ, wọ́n wò ó bọ̀.

"Ìyá Bùsọ́lá, ẹ gbìyànjú o."

Bí Yorùbá bá sọ fún ẹ pé o gbìyànjú, o mọ ibi tí wọ́n fi ẹ́ sí. Mo ní kí wọ́n jókòó. Wọ́n jókòó. Àyè ò gbà wá pọ̀, nítorí náà ẹnu ọ̀nà ni èmi àti àwo ohun mímu dúró sí.

Ibẹ̀ la wà tí ológbò kan fi gba orí irin balcone aládùúgbò wá, ó kọrí sínú kẹ́ẹ̀gì, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì wa ẹ̀wà mi. Èkejì tẹ̀ lé e. Ìkẹta ò tiẹ̀ wo ẹ̀wà, ara Àlàájà ló fò mọ́. Ó hàn gbangba pé ẹja ni wọ́n ń wá, kò sì sẹ́ni tó sọ fún wọn pé omi ẹja lásán ni.

"Ẹ lé e, ẹ lé e, mi kì í bá ológbò ṣeré," Àlàájà ń sọ ọ́ léraléra. Wọ́n fẹ́ dìde. Àga náà bá wọn dìde. Ọ̀dà ò tíì gbẹ. Èmi àti Tóbi di àga mú, Bùsọ́lá di ìyá ọkọ mú, a fà wọ́n ya. Nígbà tí wọ́n yí padà, ìlà aláwọ̀ ewé mẹ́rin tò sí ìdí léèsì náà bí ojú fèrèsé ẹ̀wọ̀n.

Bẹ́ẹ̀ ni a gbọ́ tí ẹnì kan ń kan ilẹ̀kùn. Signora ìsàlẹ̀ ló dúró níbẹ̀ pẹ̀lú aṣọ ibùsùn lọ́wọ́. Epo ti yọ́, ó ti gba ihò kẹ́ẹ̀gì, ó ti kán pupa sórí funfun láti òkè dé ilẹ̀. Ó bi mí kí ni èyí.

Mo ní, "Olio, signora. Olio buono. Biologico." Ìyẹn ni pé epo ni, epo tó dáa, tí kò ní kẹ́míkà.

Kò rẹ́rìn-ín. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ irú èèyàn tí àwa jẹ́, àti pé gbogbo wa bákan náà la rí, àti pé bóyá orí igi là ń gbé nílé. Èdè Italiano tí mo ní, ti ọjà ni, kò tó ìjà. Mo wo ẹ̀yìn, mo rí Àlàájà tó ń gbé báàgì wọn. Mo ní ó parí, wọ́n ń lọ, ọmọ mi ti pàdánù ọkọ nítorí ẹ̀wà.

Wọn ò lọ. Wọ́n gbé báàgì há abíyá, wọ́n rọra tì mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Signora, piano. Aṣọ yín, a ó fọ̀ ọ́," ohun tí wọ́n sọ ní Italiano tó dán bí àwo nìyẹn. "Ma con la mia consuocera lei parla con rispetto."

Wọ́n ní kó fi ọ̀wọ̀ bá consuocera àwọn sọ̀rọ̀; ìyá ìyàwó ọmọ ẹni ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ níbí. Signora wò wọ́n, ó wò mí, ó gbé aṣọ lé mi lọ́wọ́. Bùsọ́lá ti sá wọ ilé ìdáná lọ sunkún. Mo fẹ́ dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin, ṣùgbọ́n Àlàájà ti yíjú sí mi pẹ̀lú Yorùbá wọn.

"Ẹ má rò pé mo ti gbàgbé aṣọ mi o. Ti ará ìta la ṣẹ̀ṣẹ̀ parí. Tiwa ń bọ̀ nínú ilé."

Èmi àti Àlàájà la kúnlẹ̀ ti ọpọ́n ìwẹ̀ tí a ń fọ aṣọ Signora, ìró mi ni wọ́n ró. Epo pupa kì í gbàgbé ibi tó bá dé, ẹ̀yin náà mọ̀.

"Kí lẹ fi bomi rin ẹ̀wà yẹn gan-an?" wọ́n bi mí.

"Omi pánla ni, Àlàájà."

Wọ́n na ọwọ́ sí mi. "Ẹ̀yin lẹ máa jẹ́ ìyá àgbà fún ọmọ Tóbi. Ó dáa. Ẹ fún mi lọ́ṣẹ."

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé kí olówò má fi ẹnu ta ohun tí kò sí lórí àtẹ, pàápàá fún ẹni tó ń bọ̀ wá wo àtẹ náà. Nígbà tí a jókòó láti pín iṣẹ́ ìgbéyàwó, mo ní kí wọ́n fi òdòdó lé mi lọ́wọ́, mo mọ bí a ṣe lè ṣe é tí kò ní wọ́n. Àlàájà ní kí n mójú tó ìrẹsì. Mo rẹ́rìn-ín, mo lọ mójú tó ìrẹsì.