Ọjọ́ Tí Mo Lọ Lé Ará Ilé Kejì Kúrò Lórí Dẹ́kì

Ọjọ́ kan ò ní tán lọ́kàn mi, bí ẹ tilẹ̀ fi kànrìnkàn àti ọṣẹ fọ ọkàn náà. Sátidé kan ni, ní Mowé, láyé ìgbà tí ìjọba ológun ṣì ń fi tipátipá kọ́ wa ní ìmọ́tótó. Sátidé tó bá kẹ́yìn oṣù, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ rìn káàkiri títí aago mẹ́wàá àárọ̀. Gbogbo wa á kó ìgbálẹ̀ àti àdá síta, a ó máa ro gọ́tà, a ó sì máa retí àwọn wolé-wolé.

Tíṣà ni mí nígbà náà. Ìdajì ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni mo ń gbé nítòsí ibùdókọ̀ Lotto. Mo ní ìdajì, nítorí lánlọ́ọ̀dù wa parí ìsàlẹ̀, ó da kọnkéré pẹrẹsẹ lé e lórí, èyí tí gbogbo wa ń pè ní dẹ́kì, ó fi àwọn irin sílẹ̀ kí wọ́n máa nà sókè bí ìka ẹni tó ń bẹ Ọlọ́run, ó sì padà sí Muṣin láti lọ ronú nípa òkè. Ó ṣì ń ronú nígbà tí mo kó débẹ̀. Ó ní, "Tíṣà, bá mi máa mójú tó ilé yìí o." Bí mo ṣe di kiatéká nìyẹn. Ẹni tí kò tíì ní àga mẹ́rin di ọba.

Àwọn tó ń jẹ gàba lórí dẹ́kì náà kì í ṣe ará ilé wa rárá. Ará ilé kejì ni wọ́n, ilé gbọọrọ onípáànù tí yàrá kọjú sí yàrá, tí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ láti ìhà Ìkirun àti Ẹdẹ kún inú rẹ̀. Páànù yẹn ń yan wọ́n bí àgbàdo. Ni wọ́n bá fi àkàbà ti ara ògiri wa, wọ́n sọ òrùlé wa di ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọ́n ń fọṣọ níbẹ̀, wọ́n ń sá èlùbọ́, wọ́n ń ta ayò. Gbogbo ọmọ ayò tí wọ́n bá jẹ, àárín orí mi ló ti ń dún. Omi ọṣẹ wọn jò sórí bẹ́ẹ̀dì mi, ó jò sórí ìwé àwọn ọmọ kíláàsì mi, débi pé mo fún ọmọ kan ní òdo nítorí ohun tí omi ọṣẹ pa rẹ́.

Kò sí ohun tí n kò sọ tán. Mo ní mo ti pe ọlọ́pàá. Ọlọ́pàá ò dé. Mo ní dẹ́kì ti là, yóò wó pa wá, kò wó. Lọ́jọ́ kan tí inú bí mi, mo dúró láàárín àdúgbò, mo búra pé ẹni tí mo bá tún bá lókè yẹn, ọ̀run ló máa gbà sọ̀kalẹ̀. Gbogbo ayé ló gbọ́.

Ní Sátidé tí mò ń wí yìí, mo gbọ́ ìró ènìyàn lókè. Inú mi dùn. Mo pe Fàtáì, télọ̀ tó ń gbé yàrá kejì sí tèmi. Fàtáì ò ní àléébù kankan, àfi pé bí a bá rán an níṣẹ́, kì í fi ọgbọ́n tirẹ̀ kún un.

"Fàtáì, bí mo bá ti gòkè báyìí, gbé àkàbà yẹn kúrò. Kí ẹnikẹ́ni má ráyè sá. Orí dẹ́kì ni wolé-wolé máa bá wọn."

"Tí wọn ò bá tètè dé ńkọ́?"

"O ò gbọdọ̀ gbé e padà kí wọ́n tó dé. Bí ẹnikẹ́ni bá bẹ̀ ọ́, má dá a lóhùn."

"Ó dáa, Tíṣà."

Mo gòkè pẹ̀lú ìbínú tí mo ti ń tọ́jú láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹnì kan ṣoṣo ni mo bá. Bàbá arúgbó kan jókòó lórí ẹní, ó fẹ̀yìn ti irin, àyà rẹ̀ ń lọ sókè sódò bí ẹni tó ń fa omi nínú kànga tó ti gbẹ. Bàbá tó bí Rájí, káfíńtà kan nínú ilé kejì, ni. Ooru yàrá wọn ò jẹ́ kó rí èémí mí, làwọn ọmọ rẹ̀ fi gbé e wá síbi atẹ́gùn láfẹ̀mọ́júmọ́ kí wọ́n tó lọ ro gọ́tà. Èmi ò mọ̀. Mo ti bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ̀yin àgbà gan-an! Ilé ta lẹ rò pé ẹ wà?"

Ó wò mí láti òkè délẹ̀. "Ìwọ ni tíṣà tó máa ń ké lábẹ́ wa?"

"Èmi ni, sà!"

"Mo rò pé o ga jù báyìí lọ ni."

"Ẹ dìde, ẹ máa sọ̀kalẹ̀!"

"Ọmọ mi, ohun tí mo fẹ́ gan-an nìyẹn. Bá mi pe Rájí. Ojú mi ti ń ṣú."

Ìgbà náà ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ètè rẹ̀. Ó ti funfun bí ẹni tó lá ẹfun. Mo sáré sí etí dẹ́kì. Àkàbà ò sí níbẹ̀ mọ́. Fàtáì náà ò sí níbẹ̀.

"Fàtáì o! Gbé àkàbà wá!"

Nídìí gọ́tà, ẹnì kan rẹ́rìn-ín. "Tíṣà tún ti bẹ̀rẹ̀ o!"

"Mi ò ṣeré! Bàbá Rájí ń kú lọ!"

Ìyàwó Rájí, Ìyá Sikírù, gbójú sókè pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́. "Bàbá tìẹ ni yóò kú! Bàbá tí mo fún lẹ́kọ mu láàárọ̀ yìí? Níjẹta, ilé fẹ́ wó. Lánàá, ọlọ́pàá ń bọ̀. Lónìí, Bàbá ló kàn!"

Wọ́n padà sídìí iṣẹ́ wọn. Bí bàbá yìí bá kú, èmi nìkan ni mo wà lọ́dọ̀ rẹ̀, kò sì sí ẹni tí kò gbọ́ ohun tí mo búra pé n ó ṣe. Ọlọ́pàá tí n kò rí pè látọjọ́ yìí, èmi gan-an ni wọ́n máa wá gbé. Lẹ́yìn mi, mo gbọ́ ohùn rẹ̀, tó ti lọ sílẹ̀ gan-an: "Tíṣà, má jẹ́ kí n kú sórí ilé onílé. Wọ́n á ní mi ò ní yàrá."

Mo wo ìsàlẹ̀. Àfọ́kù búlọ́ọ̀kù àti irin ló tẹ́ síbẹ̀. Bí mo bá fò, òkú á di méjì.

Láràárọ̀ ni Ìyá Sikírù ń kúnlẹ̀ kí mi, "hùn-ún" ni mo fi ń dá a lóhùn. N kò kí ará ilé yẹn rí kí wọ́n tó kí mi. Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ ti tán lẹ́nu mi, kò sì sí èyí tí wọ́n lè gbà gbọ́ nínú rẹ̀. Ni mo bá dọ̀bálẹ̀. Gbọọrọ ni mo nà sétí dẹ́kì, àyà lórí kọnkéré, orí mi yọ síta, gbogbo àdúgbò ń wò mí.

"Ẹ dákun, Ìyá Sikírù. Ẹ gbà mí."

Ìgbálẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ obìnrin náà. "Tíṣà dọ̀bálẹ̀ fún èmi? Yéè! Rájí o! Bàbá o!"

Fàtáì ló wá kù. Ó ti gbé àkàbà lọ sẹ́yìn ṣáláńgá, ó dúró tì í bí ọlọ́dẹ.

"Tíṣà ní kí n má gbé e padà àfi tí wolé-wolé bá dé."

"Èmi Tíṣà náà ni mo ní kí o gbé e wá!" ni mo ké láti òkè.

"Ẹ ní bí ẹnikẹ́ni bá tiẹ̀ bẹ̀ mí..."

Ìgbájú Rájí ló tú òfin náà.

Rájí gòkè, ó rí bàbá rẹ̀, ó jókòó tì í, ó ń sunkún bí ọmọdé. Ọ̀rọ̀ náà wá kù sí mi lọ́wọ́. Mo já ìró Ìyá Sikírù lórí okùn tí wọ́n sá a sí, Rájí sì fi bá mi pọn Bàbá sẹ́yìn bí a ṣe ń pọn ọmọ. Kò wúwo. Ìyẹn ló bà mí lẹ́rù jù.

A dé àárín àkàbà. "Rọra, ẹṣin mi," Bàbá sọ ọ́ sí mi létí. "Kò sí ẹni tó ń lé wa."

Ibẹ̀ gan-an làwọn wolé-wolé bá wa. Ọ̀gá wọn na bírò sí wa. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń sọ̀kalẹ̀ yẹn! Kí lẹ gbé sẹ́yìn?"

Bàbá ló dáhùn, díẹ̀díẹ̀. "Ìdọ̀tí ni, ọ̀gá. Wọ́n ń kó o kúrò."

Ọ̀gá náà ṣí fìlà rẹ̀.

Bàbá délé. Lórí ẹní tirẹ̀, nínú yàrá tirẹ̀, táwọn ọmọ rẹ̀ yí i ká, ló ti dákẹ́ kí oòrùn tó wọ̀. Kò sí ẹni tó bú mi. Lọ́jọ́ kejì, Ìyá Sikírù tún kúnlẹ̀ kí mi, ìyẹn sì dùn mí ju èébú lọ.

Ẹni tó bá sọ ariwo di oúnjẹ òòjọ́, ọjọ́ tí ọ̀ràn bá dé, ariwo náà ò ní tà mọ́. Kí ènìyàn tó bèèrè ẹni tó ni òrùlé, kó kọ́kọ́ bèèrè àlàáfíà ẹni tó jókòó lé e. Ẹ̀kọ́ tèmi nìyẹn, ó sì pẹ́ kí n tó kọ́ ọ.

Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tó gun dẹ́kì mọ́. Ayò dákẹ́. Orí mi ò dún mọ́, síbẹ̀ n kò rí oorun sùn. Nígbà tí lánlọ́ọ̀dù dé láti Muṣin, ó gòkè, ó wò yíká, ó gbá mi léjìká.

"Tíṣà, o gbìyànjú! Báwo lo ṣe lé wọn lọ?"

"N kò lé wọn, sà. Ẹnì kan ni mo gbé sọ̀kalẹ̀."

Ó rò pé ìjà ni mo jà. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Èmi náà bá a rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n bí ikọ́ ni tèmi ṣe jáde.