Alága Tó Ń Ka Ọkàn Èèyàn

Ní Skarvøy, ìlú kékeré kan tó fara ti òkun ní Norway, orúkọ ni tọmọdé tàgbà fi ń pe ara wọn. Orúkọ ni wọ́n ń pe àlùfáà, orúkọ ni wọ́n ń pe dókítà, orúkọ náà ni wọ́n sì ń pe adájọ́ tó fẹ́ rán wọn lẹ́wọ̀n.

Ẹnì kan ṣoṣo ló kọ̀. Sigbjørn Kvalheim ni.

"Alága ni kí ẹ máa pè mí," ló wí lọ́jọ́ tí wọ́n fi í jẹ alága ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ìlú náà. Ó ní kí wọ́n kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn, sára ife kọfí, àti sẹ́yìn ẹ̀wù òtútù òun, kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn má baà ṣì í mú.

Ọmọ Kvalheim, oníṣòwò àpótí ẹja! Akún-yàrá-kó-tó-wọlé! Arìn-bí-ẹni-gbá-góòlù-wọlé, tí kò gbá bọ́ọ̀lù rí láyé! Bí àyà èèyàn bá jẹ́ ilé ni, àyà Sigbjørn ì bá jẹ́ pẹ́tẹ́ẹ̀sì alájà mẹ́rin pẹ̀lú yàrá àlejò.

Lọ́dún tí à ń wí yìí, ẹgbẹ́ Skarvøy ṣẹ̀ṣẹ̀ gòkè sí ìpele àwọn tó ń fi bọ́ọ̀lù jẹun. Inú ìlú dùn. Ti Sigbjørn yàtọ̀: ilé ìwòran tuntun ló ń jẹ ẹ́ lọ́kàn, èyí tí wọn yóò kọ KVALHEIM sí iwájú rẹ̀ ní lẹ́tà gàdàgbà tí àwọn apẹja á máa rí láti orí omi. Ìgbìmọ̀ ìlú sì ti ṣèlérí. Wọ́n ní bí èrò tó ń wá wòran nínú ìdíje mẹ́rin àkọ́kọ́ nílé bá ń tó ẹgbẹ̀rún mẹ́rin, bí a bá pín in dọ́gba, àwọn á kọ́ ọ.

Oṣù kẹrin ni sáà bẹ̀rẹ̀. Yìnyín ń já lu òrùlé, atẹ́gùn òkun ń gé etí. Nígbà tí ìdíje àkọ́kọ́ dé ìdajì, Asgeir, baba tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, mú ẹ̀rọ ìkànìyàn kékeré ọwọ́ rẹ̀ wá.

"Mélòó?" ni Sigbjørn béèrè.

"Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún ó lé ogójì."

"Ẹ̀rọ yẹn ti bàjẹ́."

"Kò bàjẹ́ o. Àná ni mo fi ka àgùntàn mi. Wọ́n pé."

Sigbjørn gba ẹ̀rọ náà, ó sọ ọ́ sápò. "Asgeir, èèyàn kì í ṣe àgùntàn," ló wí. Ó fa bébà yọ, ó kọ nǹkan sí i, ó sì gòkè lọ bá Ragnfrid.

Ragnfrid ni obìnrin tó ń sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀rọ gbohùngbohùn pápá náà. Ọgbọ̀n ọdún ló fi kọ́ àwọn ọmọ ìlú ní ìṣirò kó tó fẹ̀yìn tì. Ó wo bébà, ó wo ìta, ó tún wo bébà.

"Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ó lé méje? Alága, níbo ni ẹgbẹ̀rún méjì tó kù jókòó sí?"

"Ìwọ ṣáà kà á."

"Kí wá ni ti méje ìdí rẹ̀ yìí?"

"Méje yẹn ló jẹ́ kó dà bí òótọ́," ni Sigbjørn wí, ó rẹ́rìn-ín bí ẹni tó ń fún ọmọ ilé ìwé lọ́gbọ́n. "Àwọn òpùrọ́ ló máa ń sọ iye tó gún régé."

Ragnfrid kà á. Ohùn rẹ̀ gbọ̀n díẹ̀ níbi mẹ́ta, ó sì dúró gbọin níbi méje.

Lọ́jọ́ kejì, akọ̀ròyìn ìwé ìròyìn ìlú wá bá alága nílé iṣẹ́ àpótí ẹja.

"Mo wà níbẹ̀ lánàá," ni akọ̀ròyìn náà wí. "Gbogbo ìjókòó tó yí mi ká ló ṣófo."

"Wọ́n lọ ra kọfí."

"Ẹgbẹ̀rún méjì èèyàn?"

"Òtútù mú."

"Ṣé ẹ ò ka àwọn ẹyẹ òkun mọ́ wọn ṣá?"

Sigbjørn dìde. Kò fẹ́ràn kó máa jókòó bó bá fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ tí wọn yóò tẹ̀ jáde. "Ọ̀rẹ́ mi, gbọ́ mi dáadáa. Ẹni tó wù láti wá, tí òtútù dá dúró sílé, ọkàn rẹ̀ ńkọ́? Ọkàn rẹ̀ wà ní pápá. Ọkàn kan, ọ̀kan ni. Ọkàn ni èmi ń kà."

Ìwé ìròyìn tẹ̀ ẹ́ jáde bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́. Gbogbo Skarvøy rẹ́rìn-ín. Sigbjørn gé e, ó fi gíláàsì bò ó, ó gbé e kọ́ ògiri.

Wọ́n ní èrò pọ̀ ní pápá Skarvøy. Èrò pọ̀ lóòótọ́, àmọ́ inú orí Sigbjørn ni gbogbo wọn jókòó sí. Nínú ìdíje kejì, ẹgbẹ̀rin èèyàn ó lé díẹ̀ ló wá. Ragnfrid ka ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ààbọ̀ ó lé mọ́kànlá. Nínú ìdíje kẹta, òjò lé ìdajì wọn sílé. Ó ka ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ó lé mẹ́sàn-án. Bí èèyàn ṣe ń dín ní pápá ni wọ́n ń gbèrú nínú bébà.

Sigbjørn wá ṣírò. Kí ilé ìwòran tó lè jẹ́ tirẹ̀, ìdíje kẹrin gbọ́dọ̀ ní èrò tó sún mọ́ ẹgbẹ̀rún márùn-ún ààbọ̀. Kò sun ẹkún. Ó kọ ẹgbẹ̀rún márùn-ún ààbọ̀ ó lé mẹ́tàlá sílẹ̀ lọ́jọ́ Tuesday, nígbà tí ìdíje ku ọjọ́ márùn-ún gbáko.

Wàhálà kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Torgunn, olórí ìgbìmọ̀ ìlú, kò wo bọ́ọ̀lù rí. Inú ìwé ìròyìn ló ti ń ka iye èrò. Lọ́tẹ̀ yìí ó ní òun ń bọ̀ fúnra òun, òun àti àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ márùn-ún.

Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ẹni tí yóò jẹ ilé ìwòran ọ̀fẹ́ kì í wo ojú àwọn aládùúgbò. Sigbjørn fi àwọn àlejò rẹ̀ sínú yàrá onígíláàsì, níbi tó jẹ́ pé ìjókòó òdìkejì pápá nìkan ni wọ́n lè rí. Ó wá ní kí wọ́n máa pín wáfù gbígbóná, àkàrà òyìnbó pẹlẹbẹ tí wọ́n ń fi jáàmù sí, lọ́fẹ̀ẹ́ ní òdìkejì náà, níbẹ̀ nìkan. Kí fèrè tó dún, gbogbo ẹni tó wà ní pápá ti lọ jókòó há síbẹ̀, jáàmù ń kán sí wọn lẹ́sẹ̀.

"Áà!" ni Torgunn wí, ó fi ọwọ́ nu ooru ara gíláàsì. "Ó kún o!"

"Bó ṣe máa ń rí nìyẹn," ni Sigbjørn dáhùn. Ojú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣomi. Fún ìṣẹ́jú márùnlélógójì ni ayé rẹ̀ dára tó báyẹn.

Ìdajì àkọ́kọ́ parí. Ragnfrid ka bébà: "Àwọn òǹwòran wa lónìí jẹ́ ẹgbẹ̀rún márùn-ún ààbọ̀ ó lé mẹ́tàlá."

Ẹ̀rín sọ láti òdìkejì. Àwọn alátìlẹyìn ẹgbẹ́ àlejò tó wá láti Nesvåg ń lu ara wọn lẹ́yìn. Nínú yàrá onígíláàsì, Torgunn nawọ́ láti bọ Sigbjørn lọ́wọ́.

Ìgbà náà ni ilẹ̀kùn ṣí. Oddlaug, ọ̀gá panápaná ìlú, wọlé pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ àti ìwé kékeré kan. Òun àti Sigbjørn jọ jókòó lórí àga kan náà nílé ìwé.

"Sigbjørn, mélòó lo pè é?"

"Alága," ni Sigbjørn ṣàtúnṣe. "Ẹgbẹ̀rún márùn-ún ààbọ̀ ó lé mẹ́tàlá."

"Ó dá ẹ lójú?"

"Ṣé o ò gbọ́ ni? Níwájú olórí ìgbìmọ̀ ni mo ti sọ ọ́."

Oddlaug kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀. "Ó dáa. Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ààbọ̀ ni òfin gbà nínú pápá yìí, nítorí iná. Ẹgbẹ̀rún kan ó lé mẹ́tàlá gbọ́dọ̀ jáde kí ìdajì kejì tó bẹ̀rẹ̀. Bí wọn ò bá jáde, eré parí nìyẹn, ẹgbẹ́ tìẹ ló sì pàdánù."

Alága gbé ife kọfí rẹ̀ sílẹ̀ lórí àwo.

"Oddlaug, wo ìta. Ṣé ó jọ pé ewu wà?"

"Iṣẹ́ mi kọ́ ni kí n wo ìta. Ohun tí ẹ bá kéde ni òfin mọ̀."

Asgeir, tó tẹ̀ lé e wọlé, tú àpò rẹ̀. Àjákù tíkẹ́ẹ̀tì ló kún inú rẹ̀, torí láti ọjọ́ tí wọ́n ti gba ẹ̀rọ rẹ̀ ló ti ń tọ́jú wọn. "Ẹgbẹ̀rin ó lé márùn-ún ló gba ọ̀dọ̀ mi wọlé," ló wí. "Bí ẹgbẹ̀rún kan ó lé mẹ́tàlá bá máa jáde, àfi ká kọ́kọ́ wá igba èèyàn ó lé mẹ́jọ wọlé láti ìgboro, kí wọ́n lè bá wọn jáde."

Torgunn kò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo Sigbjørn.

Bí ẹni tó sọnù sínú igbó bá ti rí ọ̀nà kan, kì í bi í pé ibo ló lọ. Sigbjørn sáré gòkè lọ bá Ragnfrid. "Sọ pé ẹgbẹ̀rún kan ti jáde! Sọ pé wọ́n ti lọ sílé!"

Ragnfrid bọ́ agbétí kúrò létí, ó gbé gbohùngbohùn síwájú rẹ̀. "Mo ti ka ìdíje mẹ́rin fún yín, Alága. Ẹ fi ẹnu ara yín ka èyí."

Sigbjørn gbé e. Ohùn rẹ̀ ṣì ga bíi ti Alága: "Ẹ̀yin ará, nítorí ààbò, ẹgbẹ̀rún kan ó lé mẹ́tàlá nínú yín... ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ síta."

Kò sí ẹni tó mira.

"Àwa wo?" ni ẹnì kan kígbe.

"Ọkàn wa ni kó jáde!" ni òmíràn dáhùn. "Ara á máa jẹ wáfù!"

Ẹ̀rín gba gbogbo òdìkejì. Bí eré bí eré, ọkùnrin kan ní ìlà ìsàlẹ̀ dìde, ó fi ìka ka àwọn tó wà nílà rẹ̀, ó sì ké jáde: "Ìlà kìíní, mọ́kànlélógójì!" Ìlà kejì kò fẹ́ gbẹ́yìn: "Mẹ́tàdínlógójì!" Ìlà kẹta, ìlà kẹrin, wọ́n ń ké e lọ sókè bí ẹni ń gun àtẹ̀gùn. Ragnfrid ti fa bébà, ó ń rò ó pọ̀. Àwọn ará Nesvåg gbé ọ̀págun wọn sókè: "Mẹ́tàlélógójì ni tiwa, a ò sì yá yín ní ẹnì kankan!" Àwọn agbábọ́ọ̀lù jáde wá dúró sẹ́bàá pápá láti gbọ́. Rẹfirí wo aago rẹ̀, ó sì fi í sílẹ̀.

Torgunn ṣí ilẹ̀kùn yàrá onígíláàsì, ó bọ́ síta. Ó wo ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀: ìjókòó funfun láìsí ẹnì kan. Ó wo ọwọ́ òsì: ẹyẹ òkun méjì. Ó pe àwọn ìgbìmọ̀ rẹ̀ jáde, ó ká ọwọ́ yí ẹnu: "Mẹ́fà ni wá níbí!"

"Ẹgbẹ̀rin ó lé mọ́kànlá," ni Ragnfrid wí, ó fa ìlà sábẹ́ rẹ̀.

Oddlaug, tó ti gòkè tẹ̀ lé Sigbjørn, tọ́ka sí gbohùngbohùn. "Ẹni tó kéde ti àkọ́kọ́ ni yóò ṣàtúnṣe rẹ̀."

Sigbjørn tẹ orí ba. Ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ kò ju mímí lọ.

"A Ò GBỌ́!" ni gbogbo òdìkejì pariwo.

"Ẹgbẹ̀rin," ló wí, "ó lé mọ́kànlá."

Ìhó tó sọ lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yẹn, góòlù kankan kò tíì gbà á ní Skarvøy láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà. Àwọn èèyàn di mọ́ra. Àwọn ará Nesvåg pàtẹ́wọ́. Torgunn náà pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó so bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀, ó sì kó àwọn ìgbìmọ̀ rẹ̀ lọ.

Nígbà tí ariwo rọlẹ̀, ìyá arúgbó kan ní ìlà kẹta dìde pẹ̀lú wáfù lọ́wọ́.

"Sigbjørn ọmọ mi," ló ké, "ṣé o ti ka ara rẹ mọ́ ọn?"

Sigbjørn wo Oddlaug. Oddlaug ṣí ìwé rẹ̀, ó gbé bírò lé e, ó ń dúró. Alága Skarvøy tún gbé gbohùngbohùn sún mọ́ ẹnu.

"Ẹgbẹ̀rin ó lé méjìlá," ló wí.