Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ Gbé Ilẹ̀ Ìlú Wa Wọ Ọkọ̀ Òkun

Ẹ gbọ́ ná, ẹ̀yin tí ẹ jókòó yìí. Ṣé ẹ mọ ohun tó fà á tí àwọn àgbà ìlú wa fi máa ń sọ pé, “Ẹni tó ti dọ̀bálẹ̀ kì í ṣubú”? Ẹ̀ ń wojú ara yín. Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Gbogbo ohun tí ẹ mọ̀ kò ju kí ẹ máa fi í tu ẹni tí nǹkan ò ṣẹnuure fún nínú. Àwa ará Òkè-Arìnmọ̀ la ni òwe náà o. Bí ará ìlú mìíràn bá ní àwọn ló ni ín, ẹ ní kó wá bá mi níbí.

Ẹ mọ oyè Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ nílùú wa. Ẹni tó bá ti jẹ ẹ́, kò gbọdọ̀ fi àyà kan ilẹ̀ fún ẹnikẹ́ni mọ́, àfi ọba nìkan. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti jẹ oyè náà, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí èèwọ̀ yìí dùn mọ́ nínú bíi Olóyè Fágbohùn. Ọkùnrin náà ga, ó síngbọnlẹ̀, àgbádá rẹ̀ nìkan máa ń gba ẹnu ọ̀nà tán. Bí fìlà rẹ̀ bá jábọ́, yóò dúró tì í títí ẹnì kan yóò fi wá bá a mú un, kí àwọn ọ̀tá má baà sọ pé Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ tẹrí ba fún fìlà. Àwa náà a sì máa fi í yangàn. Ìlú tó ní irú èèyàn bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ìlú yẹpẹrẹ.

Àfi ìgbà tí Túbọ̀sún, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, lóun fẹ́ fẹ́ Ìbídùnní, ọmọ Ìlàjẹ. Bàbá Ìbídùnní ti fi ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ òkun kó tó fẹ̀yìn tì, òun náà ò sì kéré lójú ara rẹ̀. Nílé tirẹ̀, bí wọ́n bá wá tọrọ ọmọ, gbogbo ọkùnrin ìdílé ọkọ ló gbọ́dọ̀ dọ̀bálẹ̀ gbalaja, títí kan bàbá ọkọ. Lọ́jọ́ tí a lọ, gbogbo wa nà sílẹ̀ bí ẹja tí wọ́n sá sóòrùn. Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ nìkan ló dúró gbọnrangandan láàárín wa.

“Àna mi, ẹ̀yin ńkọ́?” Bàbá Ìbídùnní bi í.

“Èmi kì í dọ̀bálẹ̀.”

“Ó dáa bẹ́ẹ̀. Èmi náà kì í fi ọmọ fún ẹni tó bá dúró lé mi lórí.”

Bí a ṣe kó ẹsẹ̀ wa nílẹ̀ padà wálé nìyẹn. Túbọ̀sún bẹ̀rẹ̀ sí í rù, àwo oúnjẹ á dé iwájú rẹ̀, á padà bó ṣe wá. Ó dun Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́, ẹ má rò pé kò dùn ún. Ó fẹ́ràn ọmọ náà dọ́ba. Ṣùgbọ́n bó bá ti rò ó pé kí òun na gbalaja síwájú ẹni tí òun fi ọjọ́ orí jù lọ, á ní ó di èèwọ̀.

Nígbà tó pẹ́, Bàbá Ìbídùnní ránṣẹ́. Ó ní ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ òkun tó ti fẹ̀yìn tì ń bá ọkọ̀ ńlá kan lọ gbafẹ́, láti Èkó dé etíkun Gánà, kí Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ àti ìyàwó rẹ̀ wá bá àwọn lọ. “Bí ẹ bá fi ẹsẹ̀ yín dúró lọ, tí ẹ fi dúró bọ̀, ẹ ti gba ọmọ, mi ò ní í béèrè ìdọ̀bálẹ̀. Ṣùgbọ́n bí òkun bá bì yín ṣubú lójú mi, ẹ ó wá dọ̀bálẹ̀ lójúde mi, níṣojú gbogbo ará èbúté.”

“Òkun!” Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ bú sẹ́rìn-ín. “Ṣé kì í ṣe omi náà ni?”

Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Túbọ̀sún, kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó lọ bi àwọn nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn nípa òòyì òkun. Ó gba oògùn bọ̀, ó gba ìmọ̀ràn bọ̀. “Bàbá Túbọ̀sún, wọ́n ní ká má jẹun púpọ̀. Wọ́n ní ká lo oògùn yìí ká tó wọkọ̀, ká máa wo ọ̀ọ́kán níbi tí omi ti pàdé ojú ọ̀run. Wọ́n ní bó bá le, ká dùbúlẹ̀.”

“Ká kí ni?”

“Ká dùbúlẹ̀.”

“Ìyá Túbọ̀sún, ta ló rán ọ sí mi? Ṣé àna ni?”

Kò lo oògùn kankan. Ó ní ará òkè kì í gba ìmọ̀ràn lọ́wọ́ hóró oògùn. Ètò tirẹ̀ ló ṣe, ó sì ronú sí i dáadáa, ẹ ò lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní ọkọ̀ tí ò lẹ́rù nínú ni ìgbì ń tì síwá sẹ́yìn. Bí ikùn bá kún, kí ni yóò mì nínú rẹ̀? Nítorí náà, láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n máa wọkọ̀, ó ní kí wọ́n gún iyán fóun nílé ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀ l'Ékòó. Òkèlè tó ń gbé mì, ẹ̀rù ba àwọn tó gún un. Lẹ́yìn iyán, ó ní kí ìyàwó rẹ̀ mú ọ̀já tó fi pọn Túbọ̀sún wá, kó fi dì í nínú pinpin, kí iyán má baà sún kúrò níbi tó jókòó sí. Ìyá Túbọ̀sún fi ẹsẹ̀ ti ògiri kó tó lè fà á le.

Èyí tó wá ju gbogbo rẹ̀ lọ, Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ ti bu erùpẹ̀ láti ẹsẹ̀ òkè wa, páànù ńlá kan kún dẹ́nu. Ó ní láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni òkè náà ti wà, kò mì rí. Bí òun bá dúró lórí ilẹ̀ baba òun, òkun tó bá tó bẹ́ẹ̀ kó wá gbé òun ṣubú. Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Èmi, nígbà tí mo gbọ́ ọ, orí mi wú.

Ẹ̀ṣọ́ ẹnu èbúté dá a dúró. “Bàbá, kí lẹ rù sínú páànù yìí?”

“Ilẹ̀ ni.”

“Ẹ̀ ń gbé ilẹ̀ lọ sójú òkun?”

“Ṣé ẹ ti kó òmíràn síbẹ̀ ṣáájú ni?”

Ẹ̀ṣọ́ náà wo Ìyá Túbọ̀sún. Ìyá Túbọ̀sún wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Wọ́n bá jẹ́ kí ó kọjá.

Báyìí ni Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ ṣe gbé páànù rẹ̀ kalẹ̀ ní gbàgede òkè ọkọ̀, níbi tí gbogbo èèyàn ti ń gba atẹ́gùn. Ó bọ́ bàtà, ó gun orí ilẹ̀ rẹ̀, ó di irin etí ọkọ̀ mú, ó na ọrùn. Àwọn èèyàn ń fi fóònù ya fọ́tò rẹ̀. Bàbá Ìbídùnní dé tòun ti fìlà funfun àwọn awakọ̀ òkun lórí.

“Àna mi, ẹ kú ìdúró o.”

“Ẹ kú ìwòran,” Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ dá a lóhùn.

Nígbà tí ọkọ̀ ṣì wà lẹ́nu èbúté, kò sí wàhálà. Inú Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ ń dùn. Ó ń ro bí òun yóò ṣe máa sọ ọ́ láàfin. Ìgbà tí wọ́n bọ́ sí agbami gan-an ni iyán jí. Ọkọ̀ gòkè, iyán gòkè. Ọkọ̀ sọ̀, iyán fẹ́ sọ̀, ọ̀já ò gbà fún un, ó bá tún gòkè. Òógùn bo Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́. Ó rún atalẹ̀, iyán ò dáhùn. Ó gbóòórùn ọsàn wẹ́wẹ́, iyán ò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn. Ó di eyín pọ̀, ó ń sọ nínú ara rẹ̀ pé, “Fágbohùn, má bì. Fágbohùn, rántí ọmọ ẹni tí o jẹ́.”

“Bàbá Túbọ̀sún, ẹ jókòó,” ìyàwó rẹ̀ bẹ̀ ẹ́.

“Mo ń gbádùn ara mi,” ló fi imú sọ, torí kò lè la ẹnu.

Omi òkun ti ń ta sí páànù láti àárọ̀, ilẹ̀ baba rẹ̀ ti di ẹrẹ̀. Ọ̀já náà ti tú díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ àgbádá, etí ọ̀já ti wọ́ dé ẹsẹ̀. Ìgbà yẹn gan-an ni Bàbá Ìbídùnní gbé àwo ẹja díndín dé, epo ń ṣàn létí rẹ̀. Ìkà èèyàn!

“Àna mi, ẹ fi èyí panu. Ẹja yìí gbóná fẹlifẹli.”

Òórùn ẹja wọ imú Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́. Ó fẹ́ yíjú sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó tẹ ọ̀já mọ́lẹ̀, ẹrẹ̀ yọ̀ ọ́, ìgbì kan sì gbá ọkọ̀. Gbàà! Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ Òkè-Arìnmọ̀ na gbalaja, ọwọ́ níwájú, ẹsẹ̀ lẹ́yìn, imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan bàtà àna rẹ̀.

Ìyá Túbọ̀sún fọwọ́ bojú. Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ di ojú pọ̀, ó ń retí èébì. Ó retí, ó retí, èébì ò dé. Bó ṣe dùbúlẹ̀ síbẹ̀, iyán tẹ́ sílẹ̀, ó sùn. Òòyì ò kọ́ ọ mọ́. Ara tù ú dé egungun! Ó wá rántí ojúde Bàbá Ìbídùnní àti gbogbo ará èbúté tí yóò wá wòran. Ó gbé ohùn sókè:

“Àna mi, mo dọ̀bálẹ̀ o! Mo wá tọrọ Ìbídùnní ọmọ yín fún Túbọ̀sún ọmọ mi.”

“Háà! Ẹ ṣubú ni!”

“Ta ló ṣubú? Ṣé ẹ ti rí ẹni tó ṣubú tó ń tọrọ ọmọ rí?”

Àwọn àgbà òṣìṣẹ́ òkun pariwo pé òótọ́ ni, ó ti tọrọ, etí àwọn gbọ́. Wọ́n ní kí Bàbá Ìbídùnní ṣúre fún un. Ẹ sì mọ̀ pé bí ẹni tó jù ọ́ lọ bá dọ̀bálẹ̀ fún ọ, o ò lè kọ ẹ̀yìn sí i. Bàbá Ìbídùnní bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fọwọ́ kàn án lẹ́yìn.

“Ẹ dìde, àna mi. Ẹ ó jèrè ọmọ.”

“Àmín. Ẹ máa bá a lọ.”

“Wọn yóò bí ọkùnrin, wọn yóò bí obìnrin. Ẹ dìde.”

“Àmín. Ìbejì ńkọ́?”

Ó ṣúre ìbejì. Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ ò dìde. Ó ṣúre oko, ó ṣúre ewúrẹ́, ó ṣúre fún òrùlé ilé Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ pé kò ní í jò. Gbogbo ìgbà tó bá bẹ̀rẹ̀, ọkọ̀ á gòkè. Bó bá nà ró, ọkọ̀ á sọ̀, àwo ẹja ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó sì ti pẹ́ tó ti kúrò lójú òkun, ara rẹ̀ ti gbàgbé. Lójijì ni ojú rẹ̀ yí padà. Àwo bọ́. Ó já fìlà funfun lórí, ó bì sínú rẹ̀, ó sì rọra ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́.

“Àna mi,” ló sọ, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, “ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún fún mi díẹ̀.”

Orí ìdùbúlẹ̀ náà ni wọ́n ti mú ọjọ́ ìgbéyàwó. Ìyá Túbọ̀sún, tó ti lo oògùn tirẹ̀, jókòó tì wọ́n, ó ń jẹ ẹja tó ṣẹ́ kù nínú àwo.

Nígbà tí wọ́n padà wálé, ọ̀rọ̀ dé ààfin. Ọ̀dọ̀fin, tó ti ń fẹ́ kí wọ́n gba oyè lọ́wọ́ Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ láti ọjọ́ pípẹ́, ló dìde pé Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ ti fi àyà kan ilẹ̀ fún àna.

“Kábíyèsí,” ni Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ wí, “ilẹ̀ kan ṣoṣo tó wà nínú ọkọ̀ yẹn, inú páànù mi ló wà, ẹsẹ̀ ni mo sì fi kàn án. Pákó ni àyà mi kàn. Omi ló wà lábẹ́ pákó.”

Ọba rẹ́rìn-ín títí tí adé fi yẹ̀ lórí rẹ̀. Ọ̀dọ̀fin ò fẹ́ gbà. “Ó dáa, kò kan ilẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ṣubú! Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ ìlú wa ṣubú níwájú àwọn ará omi!”

Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ tún àgbádá rẹ̀ gbé sí èjìká, ó wo gbogbo ààfin yíká. “Ọ̀dọ̀fin, ẹni tó fi òkun ṣe iṣẹ́ jẹ dúró níbẹ̀, ó ṣubú, ó sì bì sínú fìlà. Èmi gba ìyàwó fún ọmọ mi, iyán tí mo jẹ l'Ékòó bá mi délé. Ẹni tó ti dọ̀bálẹ̀ kì í ṣubú.”