Aṣọ Ọdún Méje fún Fóònù Bàbá Ládépò

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé ẹni tó bá máa dáṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ là ń wò? Ẹ má dá àwọn aránṣọ lóhùn, irọ́ ni wọ́n ń pa. Ọ̀rọ̀ fóònù ló dá a sílẹ̀.

Bàbá Ládépò, àgbẹ̀ kòkó ní Ìfẹ́tẹ̀dó, ní ọmọọmọ kan lókè òkun. Orí fóònù nìkan ni wọ́n ti ń ríra. Ọmọ náà sì ti ń dìde dúró, ó kù kó rin tẹ̀ẹ́tẹ̀ẹ́, ni fóònù bàbá bá kọ̀, ó lóun ti gbó ju ẹni tó ń gba ìpè fídíò lọ.

Bàbá forí lé ìsọ̀ Múyìíwá, onífóònù ẹlẹ́nu dídùn.

"Bàbá, fóònù tí kì í rí aṣọ tuntun wọ̀, kò lè bá ẹgbẹ́ rìn. Ọdún méje gbáko nilé iṣẹ́ tó ṣe èyí á fi máa fi àtúnṣe ránṣẹ́ sí i. Aṣọ tuntun lọ́dọọdún!"

"Ọdún méje? Ọmọ mi á ti máa kàwé fún mi nígbà yẹn!"

Bàbá rà á, kò tilẹ̀ ná an. Ó tún polówó rẹ̀ fún ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì, gbogbo wọn lọ rà á. Àlùfáà náà kò gbẹ́yìn.

Kò pẹ́, kò jìnnà, ìyá ọmọ pè: ọmọ fẹ́ rìn! Bàbá kó gbogbo agbo ilé jọ. Fóònù ní àtúnṣe ti tán fún irú òun, òun ò gba ìpè fídíò mọ́. Ọmọ rìn, ó ṣubú, ó tún rìn, bàbá ò rí nǹkan kan. Ó dùn ún títí ó fi sunkún.

Ni òun àtàwọn akọrin bá ya bo Múyìíwá.

"Ẹ fara balẹ̀, bàbá. Ọjọ́ tí wọ́n bí ìran fóònù yẹn la ti ń ka ọdún méje, kì í ṣe ọjọ́ tí ẹ rà á. Ó ti lo mẹ́fà kó tó dọ́dọ̀ mi, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ lo ìkeje tán lórí àtẹ mi. Àmọ́ òmíràn ti dé, ọdún mẹ́wàá ni tiẹ̀!"

Ibẹ̀ ni ògbólógbòó fóònù tí Múyìíwá fi okùn gbé kọ́rùn ti dún. Bó ṣe gbé e, ohùn ìyàwó rẹ̀ gba ìsọ̀ kan: "Ọkọ mi, ìgbà wo lẹ máa ra fóònù gidi? Ọdún kẹta rèé tí èyí ò ti gba fídíò!"

Àwọn akọrin wo ara wọn. Ọjọ́ tó ń tajà fún wọn ni nǹkan yẹn ti wà lọ́rùn rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ni gbogbo wọn ń wò nígbà náà, wọn ò wo ọrùn.

Bàbá fi okùn náà fà á jáde bí ewúrẹ́ tó jẹ gbàgùúdá onígbàgùúdá. Títí dòní, bí onífóònù bá wọ Ìfẹ́tẹ̀dó, wọ́n á kọ́kọ́ tú bọ́tìnnì ọrùn rẹ̀ ná kó tó lanu. Ẹni tó bá máa dáṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ là ń wò.