Ohùn Tó Wá Láti Òkè

Ọjọ́ Sátidé kan wà tí kò ní tán lọ́kàn mi láéláé, kódà bí mo dàgbà dàgbà tí mo gbàgbé orúkọ ara mi. Ọyẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé. Láàárọ̀, kùrukùru á bo gbogbo Fẹ́sítáàkì, àwọn ilé tuntun funfun wọ̀nyẹn á wá dà bíi pé wọn ò dúró lórí ilẹ̀. Akọ̀wé kékeré ni mí níléeṣẹ́ ìjọba. Ẹ̀gbọ́n mi kan tí wọ́n pín fúláàtì fún ló yọ̀ǹda yàrá kan fún mi, ilé náà sì tuntun débi pé ọ̀dà rẹ̀ ṣì ń rùn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú èèyàn tí mo jẹ́ nígbà yẹn. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ di àtúnbí ni, iná ẹ̀mí ń jó lára mi. Mo gbà pé Ọlọ́run wà, mo gbà á tọkàntọkàn, mo ṣì gbà á dòní. Ṣùgbọ́n nígbà náà, kò sóhun tí mo lè ṣe tí mi ò ní kọ́kọ́ bi Ọlọ́run. Ṣé kí n wọ ṣẹ́ẹ̀tì búlúù àbí funfun? Mo máa kúnlẹ̀. Ṣé kí n jẹ ẹ̀wà àbí búrẹ́dì? Mo tún máa kúnlẹ̀. Kí n tó dìde, ẹ̀wà ti tutù, bọ́ọ̀sì iléeṣẹ́ ti lọ. Ọ̀gá mi ní bí Ọlọ́run bá fẹ́ràn mi tó bẹ́ẹ̀, kó bá mi ra aago.

Ọ̀rọ̀ Sístà Fẹ́hìntọ́lá ló wá kó mi sí wàhálà. Iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ló ń ṣe níléeṣẹ́ wa, ọ̀dọ̀ àǹtí rẹ̀ ní Alákijà ló ń gbé, ìjọ kan náà la sì jọ ń lọ. Ó dúdú, ó tẹ́ẹ́rẹ́. Tó bá rẹ́rìn-ín, mo máa gbàgbé ibi tí mò ń lọ. Mo sọ fún un pé mo fẹ́ ẹ, ó ní òun náà fẹ́ mi. Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀, àbí? Èmi ní ó di ìgbà tí Olúwa bá fọwọ́ sí i. Oṣù mẹ́jọ gbáko ni mo fi dúró. Nígbà tó yá, iléeṣẹ́ fẹ́ gbé e lọ sí Ìbàdàn. Ó ní òun máa wá sílé wa lọ́sàn-án Sátidé yẹn, kí n sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Bí mi ò bá rí nǹkan sọ, òun á máa lọ, kí n má sì wá òun mọ́.

Bí ilẹ̀ ṣe mọ́, mo wọ balùwẹ̀ lọ gbàdúrà, torí ibẹ̀ nìkan ló dákẹ́ nínú ilé. Ihò atẹ́gùn kan wà lókè ògiri, kùrukùru ń gba ibẹ̀ wọlé díẹ̀díẹ̀. Mo dijú. Mo ní, "Baba, ṣé ti Alákijà yìí náà ni?"

Ohùn kan sọ̀rọ̀ láti òkè. Ohùn náà rinlẹ̀, gbogbo ògiri ló ń bá a dún. "Rárá o! Kì í ṣe ti Alákijà. Ìyẹn rù jù."

Orí mi wú. Mo ṣì ń wá bí mo ṣe máa bèèrè pé èwo wá ni, ohùn náà ti ń bọ̀ lẹ́ẹ̀kejì. "Ti Kúje ni. Ó pupa, ó sanra, ó ń rìn jẹ́jẹ́. Tètè lọ mú un kó tó di ọ̀sán, kí ẹlòmíràn má baà gbé e."

Mo sunkún nítorí Fẹ́hìntọ́lá. Mo nífẹ̀ẹ́ ọmọ náà. Ṣùgbọ́n ta ni mí tí mo fi máa bá Baba jiyàn? Mo wọ kóòtù kan ṣoṣo tí mo ní, mo fẹsẹ̀ rìn lọ sí Kúje. Kùrukùru ò jẹ́ kí n ríran jìnnà. Mò ń lọ bí ẹni tó ń rìn lójú àlá, ìrì ń sẹ̀ sí mi lórí, ọ̀pọ̀lọ́ ń ké nínú irà, mo sì ń gbọ́ ẹsẹ̀ jẹ́jẹ́ kan lẹ́yìn mi. Ó dá mi lójú pé áńgẹ́lì ni. Ìgbà tí mo bojú wẹ̀yìn, ajá ni.

Ìyàwó tí Baba fún mi jókòó síwájú ilé kan, ó ń ṣa ẹ̀wà. Lóòótọ́, ó pupa, ó sanra. Ó sì lè bí mi, kó tún bí ẹ̀gbọ́n mi. Mo dúró. Mo ní, "Olúwa, èyí náà?" Mo wá rántí pé Ábúráhámù ò jiyàn, ni mo bá dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ kú àárọ̀, mà. Bàbá ló rán mi sí yín."

"Bàbá wo?"

"Bàbá òkè, mà."

"Bàbá òkè, ní Fẹ́sítáàkì?"

"Níbẹ̀ ni mo ti gbóhùn Bàbá láàárọ̀ yìí."

Màmá bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀ẹ́n-ẹn! Àná ni wọ́n ti sọ fún mi pé àwọn máa rán èèyàn wá. Láti ìdájí ni mo ti ń retí yín."

Ẹ̀rí kejì rèé! Mo ní, "Ṣé ọkàn yín wá gbà á, mà?"

"Ó ń dùn mí díẹ̀, torí ọwọ́ mi ló dàgbà sí. Ẹ jẹ́ kí n tú u wá."

Mi ò mọ ohun tó fẹ́ tú. Ó wọ ẹ̀yìnkùlé lọ, ó sì fa àgbò pupa kan jáde, ó ti sanra jù. Ó fi okùn rẹ̀ lé mi lọ́wọ́. "Ẹ bá mi kí Alhaji. Kí wọ́n jẹ Iléyá náà láyọ̀."

"Alhaji wo, mà?"

"Alhaji tó rán yín ńkọ́! Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó sókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì."

Yéè! Ìgbà yẹn ni mo rántí pé oníṣòwò kan kó wọ fúláàtì orí wa lọ́sẹ̀ yẹn. Mi ò tíì rí i sójú ni. Ẹ wo èdè wa yìí náà: "ó" ni ọkùnrin, "ó" ni obìnrin, "ó" náà ni ohun tó ń jẹ koríko.

Kí ni mo fẹ́ ṣe? Mo ti gba okùn. Ẹni tó sọ pé àgbò yẹn ń rìn jẹ́jẹ́, kó wá fi hàn mí. Ó wọ́ mi gba inú irà, bàtà mi kan ṣẹ́ kù síbẹ̀, apá kóòtù já. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ké "Lórúkọ Jésù!" Kò dá mi lóhùn, bóyá torí pé àgbò Mùsùlùmí ni.

Ìgbà tí a fi máa délé, oòrùn ti wà láàárín orí. Fẹ́hìntọ́lá ti jókòó sórí àtẹ̀gùn nínú aṣọ ìjọ́sìn rẹ̀. Ó wò mí, ó wo àgbò. Alhaji sọ̀ kalẹ̀, ó ní, "Háà! Ta ló rán ọ?" Ohùn yẹn ni! Àbúrò rẹ̀ tó rán níṣẹ́ ṣì ń run pákò lẹ́yìn rẹ̀.

Irọ́ bíi mẹ́ta ti wà lẹ́nu mi. Àmọ́ ẹni tó gbà pé Ọlọ́run ń wo òun, báwo ló ṣe fẹ́ purọ́ lọ́sàn-án gangan? Mo jẹ́wọ́ gbogbo ẹ̀, títí kan "ìyẹn rù jù." Alhaji rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Fẹ́hìntọ́lá ò rẹ́rìn-ín.

"Bọ̀dá, ẹ gbà pé Ọlọ́run wà."

"Mo gbà."

"Ó dáa. Èmi tí mo jókòó síbí yìí, ṣé ẹ gbà pé èmi náà wà?"

Ojú tì mí dé egungun. Mo gbójú sókè. Òkè dákẹ́, torí Alhaji ti wà nísàlẹ̀. Mo wá wo ojú ọmọ náà, omi ti wà níbẹ̀. Mi ò kúnlẹ̀, mi ò dijú. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni. Jọ̀ọ́, fẹ́ mi."

Ó dìde, ó gbọn aṣọ rẹ̀. "Mo ti gbọ́. Èmi náà máa lọ gbàdúrà sí i."

Ó sì lọ sí Ìbàdàn. Gbogbo ìparí oṣù ni mò ń wọkọ̀ lọ síbẹ̀ lọ gbọ́ èsì. Á bu ìrẹsì fún mi, á ní, "Olúwa ò tíì sọ̀rọ̀." Oṣù mẹ́jọ! Ní oṣù kẹsàn-án, ó ní, "Ó ti pẹ́ tí Olúwa ti sọ̀rọ̀. Mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ bí ìdúró ṣe ń rí ni."

Mo mọ̀ ọ́n. Mo ṣì ń gbàdúrà sí ohun gbogbo, ṣùgbọ́n bí èèyàn bá ń dúró dè mí, mo máa ń kọ́kọ́ dá a lóhùn. Ọlọ́run tí mo gbà pé ó wà náà ló dá ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Alhaji di ọ̀rẹ́ wa, gbogbo Iléyá ló ń fi itan àgbò ránṣẹ́. Bí ẹran bá ti wọlé, ìyàwó mi á ki ohùn mọ́lẹ̀ láti ilé ìdáná: "Kì í ṣe ti Alákijà o! Ìyẹn rù jù!" Èmi náà á rẹ́rìn-ín, màá sì panu mọ́, torí ti Alákijà ò rù mọ́.